Awakọ̀ Tó Ń Fi Igi Mọ̀nà

Bí ẹ bá béèrè nínú ìjọ wa nígbà náà pé ta ni ojú rẹ̀ mú jù, kò sẹ́ni tó máa rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ojú Àṣá ni, awakọ̀ bọ́ọ̀sì ìjọ. Kì í ṣe orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́. Ìjọ ló fún un lọ́jọ́ tó fi ìgò ojú rẹ̀ sílẹ̀ níwájú pẹpẹ. Wọ́n fi ìgò náà kọ́ ìṣó lára ògiri, kí ẹnikẹ́ni tó bá ń ṣiyèméjì lè máa wò ó. Gbogbo ìjọ ló ń rí i láti orí ìjókòó wọn, àfi ẹni tó ni ín.

Ọkùnrin náà ti wa oríṣiríṣi ọkọ̀ láti ìgbà tí irun orí rẹ̀ ti dúdú. Ó wa ọkọ̀ agbégi, ó wa ọkọ̀ epo, ó sì wa ọ̀gá kan tí kì í dá a lóhùn tó bá kí i. Ìwakọ̀ rẹ̀ dà bí ti ẹni tó gbé ẹyin sẹ́sẹ̀. Nígbà tó dọ́dọ̀ wa, ojú ti ń ṣe bàìbàì. Ó ra ìgò. Ìgò ràn án lọ́wọ́ díẹ̀, nígbà tó yá, òun náà jọ̀wọ́ ara rẹ̀.

Lọ́jọ́ Àìkú kan, Pásítọ̀ ní kí ẹni tí ojú ń yọ lẹ́nu jáde síwájú. Ojú Àṣá jáde. Pásítọ̀ gbàdúrà títí tí òógùn fi bò ó, ó bọ́ ìgò kúrò lójú bàbá náà, ó wá na ìka sókè.

"Bàbá, mélòó lẹ rí?"

Ká sọ tòótọ́, ohun tó rí jọ ìdì ọ̀gẹ̀dẹ̀ nínú èéfín. Ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tó ti ń jókòó sábẹ́ ìwàásù Pásítọ̀ wa, ó sì mọ̀ pé gbogbo nǹkan ọkùnrin náà, mẹ́ta mẹ́ta ni: kókó mẹ́ta, orin mẹ́ta, ìkìlọ̀ mẹ́ta.

Ó ní, "Mẹ́ta ni, sà."

Mẹ́ta sì ni. Ilé ìjọsìn hó bí omi orí iná. Kó tó lanu láti ṣàlàyé, wọ́n ti gbé e sókè, ẹni tí wọ́n bá sì ti gbé sókè, ó máa ń nira fún un láti sọ pé ilẹ̀ lòun fẹ́.

Nígbà tí wọ́n délé, ìyàwó rẹ̀ ti ilẹ̀kùn, ó fẹ̀yìn tì í.

"Bàbá àwọn ọmọ, ṣé ẹ rí ìka mẹ́ta?"

"Mo mọ̀ pé mẹ́ta ni."

"Mi ò béèrè ohun tí ẹ mọ̀."

Ọkùnrin náà jókòó. "Kí lo fẹ́ kí n ṣe? Kí n padà lọ sọ fún wọn pé Ọlọ́run ò ṣe é? Tí mo bá sọ bẹ́ẹ̀, ta ló máa gbé kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ fún mi? Kí ni mo tún mọ̀ ọ́n ṣe láyé?"

Láti ọ̀sẹ̀ yẹn lọ, iwájú ọkọ̀ ni obìnrin náà ń jókòó sí, ọwọ́ rẹ̀ sì máa ń wà lórí itan ọkọ rẹ̀. Tó bá tẹ itan náà, kí ọkọ rọra. Tó bá fà á sápá kan, kó yà síbẹ̀. Tó bá fi èékánná ha á, kó tẹ bíréèkì kó tó béèrè ìdí.

Ìyá Ìjọ, tó jẹ́ olórí àwọn obìnrin wa, kì í mójú kúrò lára ọwọ́ yẹn. Ó máa ń sọ fún gbogbo ọkọ̀ pé, "Ẹ wo ìfẹ́. Tèmi nílé, tí mo bá fọwọ́ kàn án, á ní ṣé eṣinṣin ni." Kò pẹ́ tí wọ́n fi ní kí tọkọtaya náà wá kọ́ àwọn tó fẹ́ ṣègbéyàwó. Ìyàwó dìde, ó ní kí obìnrin máa tọ́ ọkọ rẹ̀ sọ́nà lọ́wọ́ tútù. Gbogbo ìjọ ṣe àmín. Itan ọkọ rẹ̀ nígbà náà ti kún fún ojú èékánná.

Níbi tí ọwọ́ ìyàwó ò bá tó, igi ló ń ràn án lọ́wọ́. Ọ̀nà kan wà tó lọ sí òdìkejì ìlú, wọ́n gbin igi tò sí apá ọ̀tún rẹ̀. Tí àwọn nǹkan dúdú yẹn bá ti ń kọjá lọ́tùn-ún rẹ̀, kò súnmọ́ ọn jù, kò jìnnà jù, ó mọ̀ pé ojú ọ̀nà lòun wà. Níbi tí igi ti parí, ọ̀nà ṣẹ́ kọ́nà sósì. Kò nílò kó rí kọ́nà náà. Tí igi bá ti tán, á ká ọwọ́ ọkọ̀ sósì. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń ṣe é, kò sì sẹ́ni tó fura.

Ọ̀sán ọjọ́ Jímọ̀ kan, a fẹ́ lọ ṣí ẹ̀ka ìjọ tuntun ní òdìkejì ìlú náà. Gbogbo wa wọ funfun. Òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ni, ìkùukùu ṣì wà nílẹ̀. Ọkọ̀ Pásítọ̀ kọ̀, kò ṣiṣẹ́. Ló bá rìn wá síbi bọ́ọ̀sì pẹ̀lú ìwé ìwàásù rẹ̀ lọ́wọ́.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bọ́ sẹ́yìn. Mo fẹ́ jókòó síwájú kí n lè ka ìwàásù mi."

Ìyàwó ò mira. "Dádì, ẹ̀yìn ló máa tù yín lára. Afẹ́fẹ́ pọ̀ níbẹ̀."

"Iwájú ni mo fẹ́, mà."

"Èébì máa ń gbé mi tí mo bá wà lẹ́yìn."

Ìyá Ìjọ kígbe láti ìjókòó tó kẹ́yìn pátápátá. "Wá jókòó tì mí, mo ní ọ̀rá lọ́wọ́. Ọkọ ẹ ò ní sá lọ. Ẹ jẹ́ kí itan bàbá yẹn náà sinmi díẹ̀."

Ọkọ̀ rẹ́rìn-ín. Obìnrin náà sọ̀ kalẹ̀, ó gba ọ̀dọ̀ ọkọ rẹ̀ kọjá, ó dúró lójú fèrèsé rẹ̀.

"Ẹ kúkú sọ pé ara yín ò yá," ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́.

"Wọ́n á gbàdúrà fún mi ni. Wọ́n á tún na ìka."

"Ẹ sọ òótọ́ fún wọn."

"Wọlé, ìyá àwọn ọmọ. Mo mọ ọ̀nà."

"Mi ò béèrè ohun tí ẹ mọ̀," ni obìnrin náà tún wí, ó sì lọ sẹ́yìn.

Ọkọ̀ gbéra. Láàárín ìlú, etí ló fi ń wakọ̀. Ó mọ ibi tí àwọn oníwẹ́dà ti ń lu irin, ó mọ ibi tí ọ̀nà ti ń gbọ̀n bí eyín arúgbó. Ọkọ̀ tó wà lẹ́yìn ń fọn fèrè sí i, kò dá a lóhùn. Òógùn bọ́ sí i lójú tí kò rí nǹkan tẹ́lẹ̀. Láti ẹ̀yìn, ohùn ìyàwó rẹ̀ ń wá lemọ́lemọ́: "Bàbá àwọn ọmọ, ẹ rọra o." Àwọn èèyàn ní ẹ ò rí i, ó ń ṣọ́ ọkọ rẹ̀ láti òkèèrè.

Pásítọ̀ ní tirẹ̀ ti gbé ojú sínú ìwé, ó ń wàásù fún gíláàsì iwájú. Afọ́jú tí Jésù fọwọ́ kàn lẹ́ẹ̀mejì ló fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Ní àkọ́kọ́, Jésù bi í pé kí ló rí, ó ní òun rí èèyàn, àmọ́ bí igi ni wọ́n rí, wọ́n sì ń rìn. "Kókó kìíní," ni Pásítọ̀ wí, "ìgbàgbọ́ ọkùnrin yìí ò tíì kún."

Ojú Àṣá ò yíjú. "Dádì, ká ní ó sọ pé òun ti ríran dáadáa ńkọ́?"

"Ta?"

"Afọ́jú yẹn."

"Kí ló máa mú un purọ́ fún Jésù?"

"Bóyá èrò pọ̀ níbẹ̀."

Pásítọ̀ rò ó díẹ̀. "Tó bá rí bẹ́ẹ̀, Jésù ò ní fọwọ́ kàn án lẹ́ẹ̀kejì. Á kó igi rẹ̀ délé nìyẹn." Ó rẹ́rìn-ín, ó wá bíírò, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ kó má bàa gbàgbé.

A gun ọ̀nà onígi. Ojú Àṣá mí kanlẹ̀. Àwọn nǹkan dúdú bẹ̀rẹ̀ sí í kọjá lọ́tùn-ún, ọ̀kan tẹ̀ lé ọ̀kan, bó ṣe mọ̀ wọ́n. Ó fi kún eré ọkọ̀ díẹ̀. Ó ń retí ibi tí wọ́n ti máa tán kó lè yà sósì, ṣùgbọ́n wọn ò tán. Igi ṣì ń bẹ níwájú, wọ́n tò gbọọrọ, wọ́n kàn kúrú díẹ̀ ni. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé òun ti ṣi ọ̀nà yìí kà, kọ́nà ṣì kù. Ó tẹ̀ lé wọn.

Igi kan bá kúrò láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ó bọ́ sójú ọ̀nà.

Ojú Àṣá fi gbogbo ara lé bíréèkì. Láti ẹ̀yìn, ìyàwó rẹ̀ ti ń pe orúkọ Jésù. Bọ́ọ̀sì yọ̀, ó fì, ìwé ìwàásù fò kiri inú ọkọ̀, ọkọ̀ sì dúró. Nígbà tí Pásítọ̀ gbójú sókè, tíṣà obìnrin kan ló wà níwájú wa, ó fi ọwọ́ kan ti imú ọkọ̀ bí ẹni tó ń dá màlúù dúró, ó fi ìkejì di ọmọ kékeré kan mú. Lẹ́yìn rẹ̀, àwọn ọmọ iléèwé tò sétí kọ́nà nínú aṣọ aláwọ̀ ewé, wọ́n ń dúró kí wọ́n sọdá.

Tíṣà wá síbi fèrèsé. "Ṣé o fọ́jú ni?"

Ìbéèrè yẹn, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń bi awakọ̀, ẹnìkan kì í dúró gbọ́ èsì.

"Mo fọ́jú, mà," ni Ojú Àṣá wí.

Pásítọ̀ yíjú sí i, ó gbàgbé pé ẹ ló ń pe bàbá náà tẹ́lẹ̀. "Kí lo rí? Kí lo rí tó ò fi yà?"

"Igi ni mo rí, sà. Mo rò pé igi ni wọ́n. Ni wọ́n bá ń rìn."

Pásítọ̀ wo ìwé ìwàásù rẹ̀ tó fọ́n ká inú ọkọ̀. "Ìka mẹ́ta yẹn wá ńkọ́?"

"Mẹ́ta lẹ máa ń lò, sà."

Ẹnìkan bú sẹ́rìn-ín láàárín ọkọ̀, ó gbé e mì. Ìyá Ìjọ wo ìyàwó tó ti ń sunkún lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. "Ọwọ́ orí itan yẹn ńkọ́?"

"Iṣẹ́ ni, mà."

"Ó dáa o," ni Ìyá Ìjọ wí. "Mo ti ń bá ọkọ mi jà lásán láti ọjọ́ yìí."

Kò sẹ́lòmíì tó mọ bọ́ọ̀sì ńlá wà. A fẹsẹ̀ rìn dé ẹ̀ka tuntun, funfun wa di aláwọ̀ ẹrẹ̀. Ìyàwó fa ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́ níṣojú gbogbo ayé. Pásítọ̀ rìn lẹ́yìn wọn. Nígbà tó gun orí àga ìwàásù, kókó kan péré ló sọ, ó sì gùn ju mẹ́ta lọ. Ó ní òun ti fi ìgbàgbọ́ afọ́jú tó rí èèyàn bí igi yẹn ṣe yẹ̀yẹ́ lójú ọ̀nà, ṣùgbọ́n nínú gbogbo èrò tó wà níbẹ̀, ọkùnrin náà nìkan ló sọ ohun tó rí. Àwọn tó kù ń sọ ohun tí wọ́n mọ̀.

Ìjọ gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ Ojú Àṣá, ó dùn ún wọra. Ẹnu géètì ni wọ́n fi í sí. Lẹ́yìn ìyẹn, àwọn dókítà bá a ká awọ funfun kúrò ní ẹyin ojú kan. Lọ́jọ́ Àìkú tó padà dé, Pásítọ̀ sọ̀ kalẹ̀ wá bá a lórí ìjókòó rẹ̀. Ọwọ́ ti ń lọ sókè fún ìka, ó rántí, ó sì gbé e sílẹ̀.

"Bàbá, kí lẹ rí?"

Ojú Àṣá wò yíká, kò kánjú. "Mo rí Ìyá Ìjọ, ó ń sùn. Mo rí ìgò mi lára ògiri, eruku ti bò ó. Ojú òsì ò tíì rí nǹkan kan, sà."

Kò sẹ́ni tó gbé e sókè. Ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ wà lórí itan rẹ̀, kò sì tẹ̀ ẹ́.