Ọjọ́ Tí Wọ́n Wá Bá Mi Kẹ́dùn Ikú Ara Mi

Mo rántí ìgbà tí mò ń ta ìrọ̀rí fún gbogbo Kétu, tí èmi fúnra mi kò sì rí oorun sùn. Ṣọ́ọ̀bù mi wà ní Ìkòsí, kò fẹ̀ ju ibùsùn méjì lọ, ṣùgbọ́n orí ẹ̀rọ ayélujára ni ọjà mi wà gan-an. Kò sí òwúrọ̀ tí n kì í gbé fọ́tò ìrọ̀rí síbẹ̀, tòun ti ojú mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ojú wo? Ojú tí fóònù ti bá mi bó di pupa, tó sì ti pa pélé tí wọ́n kọ sí mi lẹ́rẹ̀kẹ́ ní kékeré rẹ́ ráúráú. Bí oníbàárà bá béèrè láàárín òru bóyá ìrọ̀rí mi le tàbí ó rọ̀, èsì mi ti dé kó tó gbé fóònù rẹ̀ sílẹ̀. Mo rò pé ọgbọ́n ni mò ń gbọ́n.

Ọjọ́ kan ni òòyì kọ́ mi, mo ṣubú lu òkìtì ìrọ̀rí. Ọpẹ́lọpẹ́ pé ọjà tí mò ń tà rọ̀. Nọ́ọ̀sì tó yẹ̀ mí wò ní ẹ̀jẹ̀ ríru ni, ó sì béèrè iye wákàtí tí mo fi ń sùn. Mo ní ọwọ́ àwọn oníbàárà ló wà. Ó ní, “Mummy, iṣẹ́ wo gan-an lẹ ń ṣe?” Nígbà tí mo sọ fún un, ó rẹ́rìn-ín títí, lẹ́yìn náà ojú rẹ̀ le. “Tẹ́ ẹ ò bá sinmi, ẹlòmíì ló máa bá yín ta ìrọ̀rí yẹn tán o.” Ẹ̀rù bà mí gan-an. Àwọn àgbà ní ìlera loògùn ọrọ̀, àmọ́ ọmọ méjì ń jẹun nínú ìrọ̀rí yìí. N kò lè kú, n kò sì lè ti ṣọ́ọ̀bù. Mo bá pinnu pé màá kúrò lórí ayélujára.

Ẹni tó gbọ́n ì bá kàn dákẹ́ jẹ́ẹ́. Èmi ní dandan, mo gbọ́dọ̀ dágbére bí ọmọlúàbí. Mo mú fọ́tò mi tó rẹwà jù, mo sọ ọ́ di dúdú àti funfun nítorí ó jọ ti gbajúmọ̀, mo fi í sínú férémù olódòdó kan tí àbẹ́là méjì ń jó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé ara ti rẹ̀ mí, mo ń lọ sinmi, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín, ó dìgbóṣe. Iṣẹ́ ọwọ́ mi wú mi lórí débi pé omi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lójú mi. Lọ́jọ́ kejì mo pa gbogbo rẹ̀ rẹ́, mo yí nọ́ńbà padà, mo sì ra fóònù kékeré tí kò mọ̀ ju ìpè lọ.

Ọ̀sẹ̀ méjì kọjá, ẹnikẹ́ni kò yà. Mò ń sùn dáadáa o, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ mi ti ń yọjú wo inú ìkòkò. Mo ti ń ronú àtipadà sórí ayélujára nígbà tí jíìpù kan dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù. Obìnrin kan bọ́ sílẹ̀ tòun ti aṣọ dúdú, ó bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, ó jókòó sórí àpótí, ó di ọwọ́ mi mú.

“Aunty, ẹ kú arafẹ́rakù. Ọlọ́run á fi èyí ṣe òpin. Ṣé ẹ̀yin ni àbúrò wọn?”

“Àbúrò ta ni, Mummy?”

“Aunty onírọ̀rí. Gbogbo estate wa ní Mágòdò la ti gbọ́.”

“Mummy, èmi gan-an nìyí! Mi ò kú o!”

Ó fọwọ́ pa mí lẹ́yìn. “Mo mọ̀. Ọ̀fọ̀ máa ń ṣe èèyàn báyẹn. Ẹ tiẹ̀ jọ wọ́n díẹ̀, àmọ́ àwọn pupa, wọn ò sì kọlà.”

Mo ké sí bàbá tó ń tún bàtà ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi pé kó wá jẹ́rìí sí i. Bàbá rí aṣọ dúdú, ó rí bí a ṣe di ọwọ́ ara wa mú, ó ṣí fìlà, ó kí wa kú ọ̀fọ̀, ó sì rọra bi mí pé ta ló kú.

Obìnrin náà mí kanlẹ̀. “Ohun tó dùn mí ni pé wọn kì í sùn. Tí mo bá kọ̀wé sí wọn láago méjì òru, wọ́n á dá mi lóhùn. Ká ní mo mọ̀ ni, mi ò bá ti sọ fún wọn pé kí wọ́n lọ sùn.” Mo bú sẹ́kún, ẹkún gidi, nítorí n kò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni káàánú obìnrin yẹn rí, èmi tí mo ni ín náà kò káàánú rẹ̀.

Ó na àpòòwé sí mi, mo kọ̀ ọ́. Èèwọ̀ ni, n kò lè gba owó ikú ara mi. Ó ní ó dáa, òun á ra ìrọ̀rí mẹ́jọ fi ṣe ìrántí. Láti ọjọ́ náà ni àwọn oníbàárà orí ayélujára ti ń wá kẹ́dùn. Àwọn tó gbà pé mo wà láàyè bínú díẹ̀ pé àwọn ti sunkún lásán, wọ́n sì ra ìrọ̀rí fi bo ìtìjú. Wọ́n sọ fún aládùúgbò wọn, aládùúgbò náà wá. Ojú lọ̀rọ̀ wà lóòótọ́.

Lónìí, aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ni mo ń ti ilẹ̀kùn, ẹ̀jẹ̀ mi sì ti wálẹ̀. Mo ní kí wọ́n kọ ọ́ sára ilẹ̀kùn náà pé: Onírọ̀rí wà láàyè, ẹ wọlé. Mummy Mágòdò máa ń ka á dáadáa lọ́dọọdún kó tó wọlé wá kí mi kú ìrántí ẹ̀gbọ́n mi. Ó ti sú mi láti máa jiyàn. Nígbà tó wá gbẹ̀yìn, ó di ọwọ́ mi mú, ó ní, “Ẹ dákun, ẹ má jẹ́ kí iṣẹ́ yìí pa ẹ̀yin náà o.”

Mo ní, “Rárá, Mummy. Ẹnì kan tó pa yẹn ti tó.”