Mama Tí Kò Ṣeé Gbé

Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ ti Canarsie wọ tíréènì lọ sílé Mama Estelle ní Harlem, nílùú New York níbí, mo rò pé mo mọ èèyàn gbé. Ọdún méjìlá ni mo ti ń tọ́jú àwọn arúgbó nínú ilé wọn. Wọ́n ti kọ́ wa: fi bẹ́líìtì dè é níbàdí, tẹ orúnkún, kà dé ẹẹ́ta, gbé e. Mo ti gbé ọkùnrin tó ga tó ilẹ̀kùn rí. Mama yìí ti lé lọ́gọ́rin ọdún, kò sì wúwo ju àpò ìrẹsì lọ. Mo gbá a mú lábẹ́ abíyá, mo ní ó yá, omi ìwẹ̀ ti gbóná.

Ló bá fi ara sílẹ̀. Gbogbo eegun rẹ̀ rọ̀ wọ̀ọ̀, bí aṣọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fà yọ nínú omi. Mo gbé apá, ẹsẹ̀ yọ̀. Mo gbé ẹsẹ̀, ìdí jábọ́. Èmi àti ẹ̀ jọ ṣubú sórí bẹ́ẹ̀dì, ojú rẹ̀ ń dán bíi ti ẹni tó jẹ tẹ́tẹ́.

Ọ̀sẹ̀ méjì la fi ṣe bẹ́ẹ̀. Inú bí mi, mo kọ ọ́ sínú ìwé tí à ń fi ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì tó gbà wá síṣẹ́ pé ara Mama ti kú, kò lè dìde mọ́. Ọ́fíìsì fèsì pé nọ́ọ̀sì kan ń bọ̀ wá yẹ̀ ẹ́ wò. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ilé àwọn arúgbó ni wọ́n máa gbé e lọ. Kúrò nínú ilé tó ti ń gbé látìgbà tó ti dé New York! Ọwọ́ mi ti kó bá Mama. Mo kúnlẹ̀, mo jẹ́wọ́.

Kò bínú. Ó fa kọ́là rẹ̀ sẹ́yìn, ó fi àpá kan hàn mí lọ́rùn. Ó ní kọfí gbígbóná ni. Nígbà tó wà lọ́mọ ogún ọdún, nílùú kan ní apá gúúsù ilẹ̀ Amẹ́ríkà, òun àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ jókòó nílé oúnjẹ tí wọn kì í ti í ta fún èèyàn dúdú. Àwọn òyìnbó da kọfí lé e lọ́rùn, wọ́n sì lu ọ̀rẹ́ rẹ̀ títí eyín rẹ̀ fi yọ. Ṣùgbọ́n kí àwọn Mama tó lọ ni wọ́n ti kọ́ wọn nínú yàrá abẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì: ẹ má jà, ẹ má sá, bí ọlọ́pàá bá dì yín mú, ẹ fi ara sílẹ̀. Ọlọ́pàá mẹ́rin ló gbé e jáde, ó ní wọ́n ń làágùn bí ẹni ń lagi. Omi ń bọ́ lójú mi, ẹ̀rín sì ń pa mí.

"Látọjọ́ náà," ó ní, "ẹni tó bá dì mí mú láìbi mí léèrè, á gbé mi tì."

Mo bẹ̀ ẹ́ títí pé kó ṣáà dìde fún nọ́ọ̀sì. Ó ní ọwọ́ nọ́ọ̀sì ló wà.

Ọmọge kan tó ń kánjú ni nọ́ọ̀sì ọ̀hún. Kò tíì kí wa tán tó fi ki ọwọ́ bọ abíyá Mama. Mama fi ara sílẹ̀. Nọ́ọ̀sì gbé e títí, Mama ń yọ̀ padà sínú àga. Nọ́ọ̀sì fa bírò yọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ pé Mama kò lè dìde. N kò mọ ohun tó kì mí láyà. Mo kàn jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ tòun taṣọ iṣẹ́, mo ní bí wọ́n bá máa gbé Mama lọ, kí wọ́n kọ́kọ́ gbé èmi náà. Mo fi ara sílẹ̀.

Mama wò mí, ó mi orí. "Ọrùn rẹ le jù. Bẹ́ẹ̀ kọ́."

Ló bá fọwọ́ ti àga, ó dìde fúnra rẹ̀, ó rìn yí mi ká. Ó ń tẹ èjìká mi, ó ń gbọn apá mi wò, ó ń bá mi wí bí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́. Nọ́ọ̀sì yanu. Ó fa ìlà pa ohun tó ti kọ, ó kọ ọ́ pé Mama ń dìde, Mama ń rìn.

Mama kò bìkítà fún ìwé. Iṣẹ́ mi ló ń yẹ̀ wò. Nígbà tó tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó sún sẹ́yìn, ó pe nọ́ọ̀sì.

"Gbé e wò báyìí."

Ọmọ ọlọ́mọ gbé mi tì.