Ọdún Tí A Gbé Jíìpù Sókè Nítorí Bàbá Ìyàwó Mi

Òórùn epo pupa ni Pobè fi máa ń padà wá bá mi títí di òní. Kì í ṣe ti epo inú ọbẹ̀ o. Ti epo tó ń hó nínú àgbá lórí iná ni mo ń wí, tó dà pọ̀ mọ́ èéfín èèpo ẹyìn àti òórùn gírísì dúdú, nítorí ẹ̀yìn ibi tí àwọn obìnrin ti ń fún epo gan-an ni ọ̀rẹ́ mi kan ti ń tún ọkọ̀ ṣe, alágbẹ̀dẹ kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí o bá jókòó níbẹ̀ láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, tí o wá délé, ìyàwó rẹ kò ní í bi ọ́ níbi tí o ti ń bọ̀. Mo jókòó níbẹ̀ títí ní ọdún tí mò ń sọ yìí, ojú ọ̀run ni mo sì ń wò ju iná lọ.

Kò tíì pẹ́ púpọ̀ tí Faransé fún wa lómìnira nígbà náà. Àsíá tuntun ṣì ń dán lórí òpó, àmọ́ àwọn ọ̀nà wa kò tíì gbọ́. Ẹ̀gbọ́n mi, tó ń ta aṣọ ní Sakété, ní jíìpù ògbólógbòó kan tó rà lọ́wọ́ ọ̀gá Faransé tó ń ṣọ́ igbó, èmi ni mo sì ń wà á fún un. Ọkọ̀ náà lágbára, kì í kọ òkè, kì í kọ iyanrìn. Ṣùgbọ́n ikùn rẹ̀ ti sún mọ́ ilẹ̀ jù. Àgbà ti dé sí i lára, o mọ bí nǹkan ṣe ń rí.

Bàbá ìyàwó mi wà lọ́dọ̀ wa ní Sakété lákòókò yẹn, àìsàn ló gbé e wá. Àgbẹ̀ ni, ọmọ Ọ̀họ̀rí, ilé rẹ̀ wà lọ́hùn-ún lẹ́yìn Ìsàbà nínú ilẹ̀ dúdú. A ti gbé e dé ilé ìwòsàn ní Àjàṣẹ́, dókítà wò ó, ó sì ní kí a máa mú un lọ sílé, pé ohun tó kù ti di ọwọ́ Ọlọ́run. Ilé tiwa ni àwa rò. A tẹ́ ẹní fún un ní yàrá tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ dáadáa, ìyàwó mi ń se ẹ̀kọ gbígbóná fún un, gbogbo wa sì rò pé a ti ṣe ohun tó yẹ. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì tí òjò àkọ́kọ́ rọ̀, ó ránṣẹ́ pè mí. Èémí rẹ̀ ń já, ó ń sinmi láàrin ọ̀rọ̀ kan sí èkejì.

Ó ní, "Àna mi, gbé mi lọ sílé kí ọ̀nà tó dí. N kò fẹ́ kú sílé onílé."

Ẹni tí kò bá mọ ilẹ̀ dúdú yẹn lè rò pé ọ̀rọ̀ kékeré ni. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ní ẹ̀rùn, ó máa ń là gbàràgàdà débi tí ẹsẹ̀ ewúrẹ́ ń há sínú rẹ̀. Bí òjò bá wá bá a fún bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ó di ẹrọ̀fọ̀ tó ń bọ́ bàtà lẹ́sẹ̀ ènìyàn, omi á dúró lé e lórí, ọ̀nà á sì dí títí òjò á fi dá. Àwọn tí ara wọn le ń fi ẹsẹ̀ là á kọjá, wọ́n á ká aṣọ wọn lérí. Ẹni tí èémí rẹ̀ ń já kò ṣe é gbé la omi já láti àárọ̀ di alẹ́. Mọ́tò nìkan ló kù, mọ́tò tiwa sì rèé, òkúta tó ga bí igbá kan ṣoṣo tó láti gbá a ní ikùn.

Ọ̀rẹ́ mi tó ń tún ọkọ̀ ṣe ní Pobè ló ní a lè gbé jíìpù náà sókè. Nígbà tí mo sọ ọ́ fún ẹ̀gbọ́n mi, inú bí i. Ó ní ṣé nítorí àna ni mo ṣe fẹ́ ba ọkọ̀ tó ń bọ́ gbogbo wa jẹ́, ó ní ta ló sọ pé ilẹ̀ Sakété kò gba òkú. Ìyàwó mi kò bá a fa ọ̀rọ̀. Ó kàn lọ kúnlẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà ìsọ̀ rẹ̀, kò sì dìde. Ẹ̀gbọ́n mi kọjá lára rẹ̀ lọ kírun, ó padà, ó bá a níbẹ̀. Àwọn oníbàárà ń wọlé, wọ́n ń jáde, obìnrin náà wà lórí eékún. Nígbà tó yá, ẹ̀gbọ́n mi ní kí n máa gbé e lọ, kí ojú òun má baà máa rí irú nǹkan báyìí.

Bí ọ̀ràn ọkọ̀ yẹn ṣe rí nìyí. Irin pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ ni ara rẹ̀ jókòó lé, wọ́n tò wọ́n lé ara wọn, wọ́n sì tẹ̀ bí ọrun ọdẹ. Tiwa ti rẹ̀, wọ́n ti nà gbọọrọ. Kàmíọ̀ akẹ́rù kan ti kú sẹ́yìn ilé ọ̀rẹ́ mi láti ọjọ́ pípẹ́, koríko ti hù bò ó. Ó ní kí a tú irin abẹ́ rẹ̀, kí alágbẹ̀dẹ gé e, kí ó tún un tẹ̀, kí a fi kún ti jíìpù. Bí ọrun bá ti nípọn tó sì tẹ̀ sókè dáadáa, ọkọ̀ á ga.

Alágbẹ̀dẹ náà mọṣẹ́. Ọkọ́ rẹ̀ ni wọ́n ń lò láti Pobè dé Ahoyéyé, àdá rẹ̀ kì í kú lẹ́nu. Ó fi iná sí irin náà títí ó fi pọ́n bí ẹyìn, ó lù ú, ó tẹ̀ ẹ́, ó sì tì í bọ inú omi gẹ́gẹ́ bó ti ń ṣe fún ọkọ́. Irin náà pariwo ṣìì, ooru bò wá. Inú gbogbo wa dùn. A dè é mọ́ abẹ́ ọkọ̀, a sì rọra yọ àwọn ìtì igi tó gbé ọkọ̀ dúró. Ọ̀rẹ́ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ fa orí rẹ̀ jáde lábẹ́ ọkọ̀ ni a gbọ́ gbàà! Irin ti dá sí méjì, jíìpù sì fì sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ká ní ó pẹ́ díẹ̀ kó tó yọrí, ìtàn mìíràn ni ǹ bá máa sọ fún ọ. Ọ̀rẹ́ mi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń fọwọ́ pa ọrùn ara rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ mọ̀ bóyá ó ṣì wà níbẹ̀.

Ẹ̀rù bà mí, n kò ní í purọ́. Irin tó kù lára kàmíọ̀ náà kò lè tó bí a bá tún ba òmíràn jẹ́, ìkùukùu sì ti ń ṣú láti apá ibi tí ilẹ̀ dúdú wà. Alágbẹ̀dẹ gbé ègé irin méjèèjì, ó ń wo ojú ibi tó ti dá. Ó ní ọkọ́ ń fẹ́ kí ẹnu òun le, kì í tẹ̀, kì í nà. Èyí ní láti máa tẹ̀ kó sì máa nà lábẹ́ ẹrù, omi sì ti mú un le jù. Ó ní ohun tó rọ̀ ju omi lọ ni ká fi pa iná rẹ̀. Ni ó bá kọjá sọ́dọ̀ àwọn obìnrin elépo. Ìyá tó jẹ́ àgbà wọn kọ́kọ́ rò pé orí rẹ̀ ti dàrú, ó ní irin kì í jẹ epo. Nígbà tó gbọ́ pé bàbá arúgbó kan ló fẹ́ délé, ó ní kí wọ́n fún wa ní gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ìsàlẹ̀ àgbá, kí a má sì jẹ́ kí iná ràn mọ́ òrùlé àwọn.

Iná ràn lóòótọ́. Bí irin kejì tó ti pọ́n nínú iná ti wọ epo, ọwọ́ iná gbé sókè ju orí wa lọ, èéfín dúdú bo gbogbo wa, alágbẹ̀dẹ kò sì jáwọ́. Ó di irin náà mú títí iná fi kú fúnra rẹ̀. Nígbà tí a tún sọ ọkọ̀ sílẹ̀, gbogbo wa sá sẹ́yìn. Irin náà dún jìín, ó tẹ̀ díẹ̀, ó sì dúró. Ọkọ̀ ga! Ènìyàn lè jókòó sábẹ́ rẹ̀ jẹ ẹ̀bà. Ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ mi kò rẹ́rìn-ín. Ọ̀pá rọ́bà tó ń gbé omi ìjánu lọ sí ẹsẹ̀ ọkọ̀ ti nà tan, ó ku díẹ̀ kó já. Ó tú ìdí rẹ̀, ó sì so ó sí ìsàlẹ̀ kó lè rí àyè. Lẹ́yìn náà ló dì mí lápá mú. Ó ní, "Ó ga lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò dúró dáadáa mọ́. Má sáré yà síbì kankan. Bó bá fì jù, ó dà nìyẹn."

Mo gbé e padà sí Sakété bí ẹni ru ẹyin. Àwọn ará àdúgbò jáde wá wòran. Wọ́n gbé bàbá jáde lórí ẹní, ó ní kí wọ́n gbé òun dìde dúró, ó wo jíìpù náà láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Ibẹ̀ ni ara mi tutù. Gbogbo wàhálà tí a ṣe ní Pobè, kò sí ẹnì kan nínú wa tó rò ó wò pé báwo ni aláìsàn ṣe máa gun un. Ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ga tó àyà bàbá.

A gbé àpótí wá, ó ń mì. Àwọn géńdé méjì fẹ́ gbé e sọ sínú ọkọ̀, bàbá fi ọ̀pá rẹ̀ dá wọn dúró. Ó ní, "Bí mo bá kú, ẹ gbé mi bí ẹ ṣe fẹ́. Mo ṣì ń mí. Wọn ò ní í gbé mi sókè bí àpò ẹ̀kùrọ́ lójú gbogbo ayé." Ìkùukùu ń ṣú sí i. Ìyàwó mi ń bẹ̀ ẹ́, ó kọ̀. Àgídí bàbá yẹn! Nígbà tí mo wá tọrọ ọmọ rẹ̀, ìdọ̀bálẹ̀ ni mo wà títí oúnjẹ fi jinná kí ó tó ní kí n dìde, nítorí mo jẹ́ ọmọ oníṣòwò tí kò mọ ọkọ́ dì mú.

N kò mọ ìgbà tí mo ṣí fìlà. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, mo wá fi ọwọ́ àti orúnkún ti ara mi sókè, mo ní, "Bàbá, ẹ gun ẹ̀yìn mi."

Bàbá ní, "A kì í tẹ àna ẹni mọ́lẹ̀."

Mo ní, "Ẹ kò tẹ̀ mí mọ́lẹ̀, bàbá. Mo dọ̀bálẹ̀ fún yín ni."

Mo gbọ́ ọ̀pá bàbá tó bọ́ sílẹ̀, mo wá rí bàtà ẹ̀gbọ́n mi níwájú mi. Ẹ̀gbọ́n mi tó ń bínú, òun ló di apá kan bàbá mú, ìyàwó mi di èkejì. Mo ti ki ara mi láyà de ẹrù. Kò sí ẹrù. Ẹsẹ̀ rẹ̀ gbẹ, ó gbóná, ó sì fúyẹ́ débi pé mo rò pé kò tíì gùn mí. Ibẹ̀ ni omi bọ́ lójú mi, nítorí ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé bàbá ń lọ lóòótọ́.

A kọjá Pobè, a kò dúró. Ilẹ̀ pupa tán, ọ̀nà dà gẹ̀rẹ́ sísàlẹ̀, a bá ilẹ̀ dúdú. Bàbá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ìyàwó mi dì í mú láti ẹ̀yìn. Bí a ti kọjá Ìsàbà, òjò bẹ̀rẹ̀. Omi ti bo ojú ọ̀nà, mò ń gbọ́ bí koríko ṣe ń ha abẹ́ ọkọ̀, a sì ń lọ. Ká ní jíìpù ti tẹ́lẹ̀ ni, ibẹ̀ ni à bá sùn. Lẹ́nu odò kékeré tó kẹ́yìn, ẹsẹ̀ ọkọ̀ ọ̀tún rì, gbogbo rẹ̀ fì. Mo rí omi lábẹ́ apá bàbá. Bí mo bá tẹ iná, ó lè dà. Bí mo bá dúró, á túbọ̀ máa rì. Ìyàwó mi ń pe orúkọ Ọlọ́run wúyẹ́wúyẹ́. Àwọn ọmọ bàbá ló yọ nínú òjò láti òdìkejì, a ti ránṣẹ́ sí wọn láti ọjà Pobè nígbà tí a ń tún ọkọ̀ ṣe. Wọ́n bọ́ sínú omi dé itan, wọ́n so okùn mọ́ ẹ̀gbẹ́ òsì, àwọn mìíràn gun orí irin ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, wọ́n fi ara wọn ṣe ẹrù. Mo rọra tẹ iná. Irin abẹ́ ọkọ̀ han. Ó mì, ó fì sọ́tùn-ún lẹ́ẹ̀kan sí i, ó sì gòkè odò.

Nígbà tí a dé iwájú ilé rẹ̀, mo pa ọkọ̀. Bàbá kò tètè fẹ́ sọ̀ kalẹ̀. Ó ń wo oko rẹ̀ nínú òjò, ó ní láti ọjọ́ tí òun ti ń ro ó, òun kò rí i láti òkè báyìí rí. Lẹ́yìn náà ló mí kanlẹ̀. Ó ní, "Mo délé." Ọ̀rọ̀ tó sọ kẹ́yìn létí mi nìyẹn, nítorí pé àwọn ọmọ rẹ̀ gbà á wọlé, ó sì kú ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, nínú yàrá tí òun fúnra rẹ̀ mọ. Ibẹ̀ náà ni wọ́n sin ín sí. Ọ̀nà dí. Èmi àti jíìpù wà níbẹ̀ títí òjò fi dá, àwọn adìyẹ ń sùn lábẹ́ rẹ̀.

Láti ìgbà náà, bí àgbà bá ní òun fẹ́ lọ sílé, n kì í bi í pé kí ló fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀. Mo ti rò tẹ́lẹ̀ pé ibi tí wọ́n bá ti ń tọ́jú ènìyàn dáadáa ni ilé rẹ̀. A tọ́jú bàbá yẹn dáadáa. Kò tó.

Kútọnu ni mò ń gbé báyìí lọ́dọ̀ ọmọ mi, wọ́n ń ṣe mí jẹ́jẹ́, Ọlọ́run á san án fún wọn. Lọ́jọ́ kan mo tẹ̀ ba, mo wo abẹ́ ọkọ̀ ọmọ náà. Ó bi mí pé kí ni mò ń wá, mo ní kò sí nǹkan. Ikùn ọkọ̀ náà sún mọ́ ilẹ̀ gan-an. Ṣùgbọ́n ọ̀dà ti wà lójú ọ̀nà dé Sakété, kò ní í nira fún un láti gbé mi délé.