Ìyá Tó Ń Pè Wá Lábẹ́ Ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀

Bí àrá bá sán, mo ṣì máa ń gbọ́ ohùn ìyá bàbá mi: "Ṣé ẹ wà níbẹ̀?"

Kànga ilé wa ní Ògbómọ̀ṣọ́ kì í pẹ́ gbẹ, ni ìyá bá gbé dúrọ́ọ̀mù sábẹ́ ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀. Wọn kì í gba omi àkọ́rọ̀ òjò. Wọ́n ní ẹ̀gbin òrùlé ló ń fọ̀ dànù. Bí èyí tó tẹ̀ lé e bá dé, wọ́n á dúró nínú òjò, wọ́n á di páànù tó ń darí omi mú, kí atẹ́gùn má baà gbé e lọ. Wọn kì í jẹ́ kí ọmọ kankan bá wọn jáde. Bí àrá bá sán, wọ́n á pè wá, àwa inú yàrá á sì dáhùn pé, "A wà ńbí, Ìyá."

Lọ́jọ́ kan, àrá kan sán tí ilé mì tìtì. Ìyá kò pè wá. A di ara wa mú, à ń retí ohùn wọn, omi nìkan là ń gbọ́ nínú dúrọ́ọ̀mù.

Ìgbà tó yá, wọ́n wọlé, aṣọ wọn rin gbindin.

Mo ń sunkún. "Ìyá, ẹ ò pè wá."

"Ohùn ò jáde lẹ́nu mi ni," ni wọ́n wí. "Ṣé torí yín lẹ rò pé mo ṣe ń pè yín? Èmi gan-an lẹ̀rù ń bà. Bí ẹ bá dáhùn ni mo tó ń mọ̀ pé mo ṣì wà láyé."