Ojú Irin Tí Wọ́n Fẹ́ Sọ Di Ọ̀nà Kẹ̀kẹ́

Ní gbogbo Barking àti Dagenham, ní London níbí, kò sẹ́ni tó mọ ojú irin àtijọ́ tó wà lẹ́yìn ilé àwọn ará Goresbrook yẹn tó mi. Tí wọ́n bá fẹ́ fi ọba jẹ níbẹ̀, èmi ni wọ́n máa mú. Àmọ́ kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ kan ṣoṣo ni ará ìlú mi, kò sì kí mi rí.

Ọkọ̀ tó ń kó ẹrù lọ sílé iṣẹ́ etí odò ló ń gba ibẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ilé iṣẹ́ kógbá wọlé, ọkọ̀ ò wá mọ́, irin dípẹtà, ẹ̀gún bo gbogbo ẹ̀. Èmi náà ti kógbá wọlé nígbà tí mo débẹ̀. Lọ́ọ̀ ni mo ń kà ní yunifásítì, mo sì fi í sílẹ̀ lọ́dún kejì láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Mi ò lè parọ́ pé ẹnì kan fìyà jẹ mí. Ìwé yẹn ò kàn wọ orí mi ni. Mo máa ń jókòó sí kíláàsì bí àpò sìmẹ́ńtì. Ọ̀rọ̀ á dé ọ̀dọ̀ mi, á yà mí sílẹ̀, á gba ọ̀dọ̀ ẹlòmíì lọ.

Mi ò sì lè jókòó sílé wa ní Upney. Iṣẹ́ alẹ́ ni màmá mi ń ṣe, nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó. Ojúmọmọ ló fi ń sùn. Láràárọ̀, ẹnu ọ̀nà la ti máa ń pàdé: òun ń wọlé, èmi ń jáde. Á gbé ọwọ́ lé báàgì mi, á ṣàdúrà sí i. Báàgì ni o, kì í ṣe orí mi. Bóyá ó ti rí i pé báàgì ló ṣì ní ìrètí. Láptọ́ọ̀pù tí bátìrì ẹ̀ ti kú ló wà níbẹ̀, àti kúlà ìrẹsì tó ti sè fún mi kó tó lọ síbi iṣẹ́. Mo máa rìn dé iwájú ibùdókọ̀ reluwé bí ẹni tó ti pẹ́, màá wẹ̀yìn, màá wá yà sí ọ̀nà Goresbrook.

Mo máa ń jókòó sórí igi tí wọ́n tẹ́ sábẹ́ irin. Lẹ́yìn ọgbà, mo ń gbọ́ ìgbésí ayé àwọn ẹlòmíì: ẹ̀rọ ìfọṣọ ẹnì kan, rédíò ẹnì kan, obìnrin kan tó ń bá ológbò ẹ̀ jà. Ní aago méjìlá géérégé màá jẹ ìrẹsì mi, torí pé tí mo bá jẹ ẹ́ tán ní aago mẹ́wàá, kò sí nǹkan míì tí ọjọ́ yẹn tún fẹ́ mú wá. Nígbà kan ọkùnrin kan tó ń mú ajá ẹ̀ rìn kọjá, ó ní ṣé dáadáa ni mo wà. Kí ohùn mi tó jáde, ó ti lọ. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mo fi ń tún ìdáhùn yẹn ṣe. Mo ti ní mẹ́rin tó dáa nígbà tó fi máa tún kọjá, àmọ́ fóònù ló ń gbọ́ lọ́jọ́ yẹn.

Àárọ̀ ọjọ́ kan ni mo bá ìwé tí káńsù so mọ́ wáyà. Wọ́n fẹ́ hú irin yẹn, kí wọ́n da ọ̀dà síbẹ̀, kó di ọ̀nà tí èèyàn á máa gun kẹ̀kẹ́ gbà. Ẹni tó bá ní ohun tó fẹ́ sọ, kó wá sí gbọ̀ngàn àdúgbò lọ́jọ́ Tuesday, aago méjì ọ̀sán. Tí kẹ̀kẹ́ bá bẹ̀rẹ̀ sí í gba ibẹ̀, wọ́n á rí mi, ẹnì kan nínú wọn á sì jẹ́ ará ṣọ́ọ̀ṣì wa. Aládùúrà ni wá, a ò sì kéré níbí. Gbogbo ìjọ ló jó lọ́jọ́ tí a ṣe ìdúpẹ́ pé mo wọ yunifásítì. Láti ọjọ́ yẹn, Lọ́yà ni wọ́n ń pè mí. Àwọn ọmọ kéékèèké pàápàá, Bùrọ̀dá Lọ́yà.

Bí èmi tí mi ò la ẹnu rí ní kíláàsì ṣe lọ sọ̀rọ̀ nìyẹn. Iwájú pátápátá ni mo jókòó sí, bí lọ́yà tó lẹ́jọ́ lọ́wọ́. Àwa bí ogún la wà níbẹ̀. Obìnrin káńsù fi àwòrán hàn wá, ọ̀nà tó ń dán, igi lọ́tùn-ún lósì. Ọkùnrin kan ní òun ò fẹ́, pé olè á máa gba ibẹ̀ wọ ẹ̀yìnkùlé òun. Ó wá kàn mí. Wọ́n gbé máìkì fún mi.

Ibì kan ṣoṣo ni mo ti máa ń di máìkì mú, ìyẹn ìgbà ìjẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ọwọ́ mi mọ̀ ọ́n, ẹnu mi náà mọ̀ ọ́n. Mo dìde, mo tún kọ́là ṣe, mo ní, "Ẹ bá mi yin Olúwa."

Àwọn òyìnbó ń wò mí. Ẹnì kan wá dáhùn láti ẹ̀yìn, ohùn ńlá, ohùn Èkìtì:

"Halleluyah."

Ìyá Ìjọ wa ni. Òun náà ò lè dá ẹnu ẹ̀ dúró. Ó wọ jákẹ́ẹ̀tì iṣẹ́ tó ń tàn yẹ̀rì, ó gbé báàgì sórí itan, ó ń wò mí.

Mo sọ̀rọ̀ ṣá. Mo sọ ti labalábá, mo sọ ti ọ̀pọ̀lọ́, mo ní kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ kan wà níbẹ̀ tó níyì. Obìnrin káńsù bi mí pé kí ni mo ń fi ibẹ̀ ṣe. Mo ní mo máa ń kàwé níbẹ̀.

Ìyá Ìjọ gba máìkì. Ó ní ilé ìkẹ́rùsí tó wà lápá etí odò lòun ti ń tọ́jú ilẹ̀, bọ́ọ̀sì méjì lòun ń wọ̀ yípo kí òun tó débẹ̀, tí wọ́n bá la ọ̀nà yẹn, kẹ̀kẹ́ á gbé òun débẹ̀ kíákíá. Ó ní òun ti ra kẹ̀kẹ́. Ó wá nawọ́ sí mi. "Ọmọ wa tó sọ̀rọ̀ yẹn, lọ́yà ni. Ó mọ̀rọ̀ sọ. Yunifásítì ló sì yẹ kó wà báyìí, torí Tuesday lòní."

Wọ́n ní kí ẹni tó fẹ́ kí wọ́n fi ojú irin sílẹ̀ bó ṣe wà nawọ́ sókè. Èmi àti ọkùnrin tó ń bẹ̀rù olè yẹn nìkan ló nawọ́. Òun tilẹ̀ tún fẹ́ kí wọ́n fi wáyà ẹlẹ́gùn-ún sí i.

Níbùdókọ̀ bọ́ọ̀sì ni Ìyá Ìjọ ti mú mi. Mo dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, ilẹ̀ tutù.

"Dìde. Ṣé wọ́n lé ẹ ni?"

"Rárá, Mọ́mì. Mo kúrò kí wọ́n tó lé mi."

"Olóòótọ́ ni ẹ́. Ìgbà wo?"

"Ṣáájú Kérésì."

"Ibo lo wá ń lọ láràárọ̀?"

"Ojú irin yẹn."

"Ìwọ àti ta ni?"

"Èmi nìkan."

Ó wo bàtà mi tí ẹrẹ̀ ti bò. Bọ́ọ̀sì kan kọjá, kì í ṣe tiẹ̀.

"Inú òtútù yìí," ló sọ, bí ẹni ń bá ara ẹ̀ sọ̀rọ̀.

"Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún màmá mi."

"Mi ò ní sọ fún un."

Ara mi rọ̀. Mo ti fẹ́ máa dúpẹ́.

"Ìwọ lo máa sọ fún un."

Mo ní ó ti rẹ màmá mi, pé iṣẹ́ alẹ́ ló ń ṣe. Ó ní òun mọ̀. Mo ní ẹ jẹ́ ká ṣe ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì tán. Ó ń wojú títì. Mo ní ẹ jẹ́ kí wọ́n la ọ̀nà kẹ̀kẹ́ yẹn ná, ó kéré tán màá fi ìyẹn wá ọ̀rọ̀ sọ. Bọ́ọ̀sì ẹ̀ dé, ó gbé ẹsẹ̀ kan lé e.

"Ọ̀la ńkọ́, Mọ́mì?"

"Lónìí."