Ìlà Pupa Tí Mo Fà Sórí Ìwé Ọmọ Mi

Mo ti ń dúró kí inú mi rọ̀ kí n tó kọ èyí. Kò rọ̀, nítorí náà mo fẹ́ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Ìkẹ́rẹ́ ni mò ń gbé. Mo jáde ìwé mẹ́wàá, owó kò sí láti lọ síwájú, ni mo bá tẹ̀ lé ìyá mi dé ìdí agbada gàrí. Títí di òní, ibẹ̀ náà ni mo wà. Ẹ̀yìn ilé wa ni a kọ́ àtíbàbà náà sí: ẹ̀rọ ìrin-ẹ̀gẹ́ kan, jáàkì méjì tí a fi ń fún un, agbada mẹ́ta. Ulé ẹ̀gẹ́ ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ni mo bí, abẹ́ àtíbàbà yẹn ló sì dàgbà sí. Láti ìgbà tó ti wà ní kíláàsì kejì ní girama ló ti ń kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé: ẹ̀gẹ́ ta ni, oko wo ló ti wá, ọjọ́ mélòó ló lò nínú àpò. Nígbà tó dé yunifásítì, tó ń kọ́ nípa oúnjẹ, ó máa ń wá sílé lópin ọ̀sẹ̀ láti sọ fún wa pé ẹ̀gẹ́ oko àkùrọ̀ kò gbọdọ̀ lo iye ọjọ́ kan náà lábẹ́ jáàkì pẹ̀lú ti orí òkè. Láti ìgbà náà, gàrí wa kò bu mọ́. Àwọn oníbàárà bẹ̀rẹ̀ sí í wá láti Ìlawẹ̀ àti Ògòtún.

Ó parí ẹ̀kọ́, ó sin ilẹ̀ bàbá rẹ̀, ó padà sílé. Odidi ọdún méjì ni kò rí iṣẹ́.

Nígbà tó yá, a gbọ́ pé ilé-iṣẹ́ kan tó ń fi ẹ̀gẹ́ ṣe ìyẹ̀fun lójú ọ̀nà Ìṣẹ̀ ń wá ẹni tí yóò máa yẹ ẹ̀gẹ́ wò bí ọkọ̀ bá ti já a. Ọmọ mi jókòó, ó fọwọ́ kọ CV rẹ̀ sórí ìwé kan kí a tó lọ tẹ̀ ẹ́. Mo gbà á, mo kà á. Ohun tó kọ sókè pátápátá ni pé ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá tó ti ń ṣiṣẹ́ ẹ̀gẹ́, ó sì to gbogbo ohun tó ń ṣe ní ulé ẹ̀gẹ́ sísàlẹ̀ rẹ̀.

Mo bi í pé kí ni gàrí ń wá nínú ìwé akọ̀wé.

Ó ní, “Màámi, ẹ̀gẹ́ ni wọ́n ń rà. Ẹni tó mọ ẹ̀gẹ́ ni wọ́n ń wá.”

“Ẹni tó kàwé ni wọ́n ń wá. Tí wọ́n bá rí gàrí níbẹ̀, wọ́n á ní kó o padà sídìí agbada ìyá rẹ.”

Mo mú báírò pupa tí mo fi ń sàmì sára àpò, mo fi rúlà fa ìlà kọjá lórí gbogbo rẹ̀, láti igun kan dé igun kejì.

Èmi nìkan kọ́ ló ń ṣe é. Mo mọ bàbá kan ládùúgbò wa tó kìlọ̀ fún ọmọ rẹ̀ pé kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ní báńkì mọ̀ pé ó sun èédú rí. Ohun tí a fi jẹun, tí a fi rán ọmọ níléèwé, a kì í jẹ́ kó dé orí ìwé. Ìtìjú ni a kà á sí.

Mo gbé ìwé náà lọ sí ṣọ́ọ̀bù kọ̀mpútà. Ọkùnrin tó ni ín sọ pé òun ní CV kan nílẹ̀ tí òun fi ń ṣe fún gbogbo èèyàn, pé ó ti gbé ọ̀pọ̀ dé Àbújá. Ẹni tó bá mọ̀ mí mọ̀ pé ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo máa ń ka nǹkan. Mo ka orúkọ ọmọ mi lẹ́ẹ̀mẹta, ọjọ́ ìbí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, àti máàkì rẹ̀ gbogbo. Ojú ìwé kejì ni mo kàn wò fìrí, torí òyìnbó tó wà níbẹ̀ dùn. Mo ní kó tẹ ogún jáde.

Èmi fúnra mi ni mo pín in. Mo gbé e dé Emùré, mo gbé e dé Adó, mo gbé e dé Ìlawẹ̀: iléèwé, ilé ìwòsàn, ilé epo, ìwé kan náà. Ọmọ mi ní ohun tí iléèwé fẹ́ kà kọ́ ni ilé epo fẹ́ kà. Mo ní kó fi mí sílẹ̀, ẹsẹ̀ mi ni mo fi ń rìn ín. Ọ̀kan dé ilé-iṣẹ́ ọ̀nà Ìṣẹ̀.

Wọ́n pè é fún íńtáfíù. Mo tẹ̀ lé e, nítorí pé mo ti gbọ́ nípa àwọn tó ń fi iṣẹ́ tan ọmọbìnrin lọ síbi tí a kò ti ní í rí i mọ́. Ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì bi mí pé, “Ìyá, ṣé ẹ̀yin náà fẹ́ gbaṣẹ́ ni?” Mo ní tí ọmọ mi kò bá jáde ní wákàtí kan, màá wọlé. Ó fà bẹ́ǹṣì fún mi. “Ẹ jókòó, ìyá. A kì í jẹ èèyàn níbí, ẹ̀gẹ́ là ń jẹ.”

Kò tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tó fi jáde. Ìgbà tí a dúró de ọkọ̀ lẹ́bàá títì ló tó sọ ọ́ fún mi.

Obìnrin tó fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wo híjáàbù orí rẹ̀, ó wo ìwé náà, ó sì bi í pé ọdún mélòó ló ti wà nínú ẹgbẹ́ akọrin. Ojú ìwé kejì ló wà: pé Onígbàgbọ́ ni, pé ó ń kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì, pé ó fẹ́ràn ìrìn àjò. Láti ayé bàbá bàbá rẹ̀ ni a ti ń kírun. Ọmọ mi ní àṣìṣe ni. Obìnrin náà yọ ìwé méjì mìíràn jáde, láti Ìkẹ́rẹ́ náà ni, ó tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀. Àyàfi orúkọ àti máàkì, ọ̀rọ̀ kan náà ni. Ó wá bi í bóyá ó ti fọwọ́ kan ẹ̀gẹ́ rí. Ọmọ mi ní ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá.

“Níbo lo kọ ọ́ sí?”

Ọmọ mi kò lè sọ pé ìyá òun ló yọ ọ́ kúrò.

Obìnrin náà ní, “Ẹni tí ìwé rẹ̀ kò mọ ẹ̀sìn tó ń ṣe, báwo ni n ó ṣe gbà pé ó mọ ẹ̀gẹ́?”

N kò dé ilé. Ṣọ́ọ̀bù kọ̀mpútà ni mo gbà lọ tààrà, àwọn èèyàn kún ibẹ̀. Mo bi ọkùnrin náà pé ta ló sọ fún un pé ọmọ mi ń kọrin. Ó ní kí n fara balẹ̀, bí òun ṣe ń ṣe é fún gbogbo èèyàn nìyẹn, kò sì sí ẹni tó padà wá ṣàròyé rí.

“Báwo ni wọ́n á ṣe padà wá? Wọn ò ríṣẹ́ tí wọ́n á fi rówó ọkọ̀.”

Àwọn tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín. Òun kò rẹ́rìn-ín. Ó fa dúrọ́ọ̀ yọ, ó mú ìwé tí ọmọ mi fọwọ́ kọ jáde, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì níwájú gbogbo wọn. Ìlà pupa náà gún régé.

“Màmá, mo bi yín lọ́jọ́ náà, mo ní ṣé kí n tẹ apá yìí. Ẹ ní tí mo bá tẹ̀ ẹ́, ẹ ò ní gbà á. Ibi tẹ́ ẹ sọ dòfo ni mo wá nǹkan dí.”

Òótọ́ ni.

Mo gba ìwé náà. Mo bá ọmọ mi ní ulé ẹ̀gẹ́, tó ń sẹ́ gàrí, híjáàbù íńtáfíù ṣì wà lórí rẹ̀. Mo gbé ìwé náà fún un, mo ní, “Kọ tìẹ.” Ó fi fóònù rẹ̀ tẹ òmíràn, ojú ìwé kan péré. Ó kọ bí òun ṣe ń ṣẹ́ ẹ̀gẹ́ kí òun tó mọ̀ bóyá omi ti pọ̀ jù nínú rẹ̀, ó sì kọ ibi tí òun ti kọ́ ọ. Ó fi ránṣẹ́ sí obìnrin náà, ó tọrọ gáfárà nítorí ti àkọ́kọ́. Kò dárúkọ mi.

Ọjọ́ kẹfà ni obìnrin náà pè é: kó wá, kó mú ọ̀bẹ dání. Mo ti ń wá bàtà mi nígbà tó sọ pé, “Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tẹ̀ lé mi.” Mo jókòó títí ó fi dé. Wọ́n gbà á fún oṣù mẹ́ta, láti wò ó ná. Oṣù kejì ló wà báyìí.

Èmi ṣì ń lọ káàkiri. Ogún ni mo pín, mo sì mọ ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà. Mo ń gbà wọ́n padà. Ní Emùré, akọ̀wé ọ́fíìsì kan bi mí pé ta ló ń wá CV gbà padà, ó rẹ́rìn-ín kí ó tó wá a. Abẹ́ fíláàsì tíì ló ti fà á yọ. Ẹnikẹ́ni kò ṣí i rí. Òbìrí ìdí fíláàsì wà lórí orúkọ ọmọ mi. Mo ti gba mọ́kànlá. Ó ku mẹ́sàn-án.