Lẹ́tà Méje Tí Mo Lẹ̀ Mọ́ Pátákó Ṣọ́ọ̀ṣì

Ẹ fara balẹ̀, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, kí n ròyìn bí mo ṣe sọ ara mi di àpọ́sítélì ní Ìlọrin láàárín ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo. Ó ti pẹ́ o. Ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990 ni. Ìyàwó mi ṣì wà láyé nígbà náà, òun gan-an ló sì tú àṣírí mi.

Àdúgbò Adéwọlé là ń gbé. Ọmọ Ọ̀mù-Àrán ni àwa méjèèjì. Òun ń ṣe tíṣà, èmi jẹ́ ìnsìpẹ́kítọ̀ ilé-ìwé. Ṣé ẹ rántí ìnsìpẹ́kítọ̀ ayé ìgbà yẹn? Bí a bá wọ ọgbà ilé-ìwé, a kì í wo òdòdó. Fèrèsé tó fọ́ là ń wò. Ìwé tí tíṣà kò tíì máàkì là ń bèèrè. Èyí tó bá dára, kí la tún fẹ́ kọ nípa rẹ̀? Ó ti dára náà!

Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé Pásítọ̀ ọ̀dọ́ kan wá sí ìjọ wa. Ìyàwó rẹ̀ bímọ, ọmọ náà kò tíì pé ogójì ọjọ́. Ní ọjọ́ Ìsinmi kan, ó wàásù lórí iṣẹ́ méje tí Jésù rán sí ìjọ méje ní Éṣíà, èyí tó wà nínú ìwé Ìfihàn. Ó wá bi wá pé bí irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ bá dé ọ̀dọ̀ wa lónìí, kí ni yóò wà nínú rẹ̀? Àwọn èèyàn ṣe àmín, wọ́n lọ sílé lọ jẹ ìrẹsì. Ní tèmi, ìbéèrè yẹn wọ orí mi, kò sì jáde.

Ìjọ méje ní Éṣíà. Ẹgbẹ́ méje nínú ìjọ wa! Ṣé ẹ rí ìdẹwò?

Ní ọ̀sán Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo ki bébà bọ inú taipuráítà mi, mo kọ lẹ́tà sí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Kí n má parọ́, mo gbádùn rẹ̀! Mo sọ fún ẹgbẹ́ akọrin pé bíi ti Sádísì ni wọ́n rí, orúkọ wọn wà láàyè, ṣùgbọ́n ohùn tẹnọ̀ wọn ti kú láti ọdún tó kọjá. Mo sọ fún àwọn àgbà ìjọ pé pẹ̀lú oorun tí wọ́n ń sùn nígbà ìwàásù, olè lè bọ́ fìlà lórí wọn kí wọ́n má mọ̀. Ti àwọn obìnrin, mo ní gèlè wọn ga débi pé ẹni tó bá jókòó sẹ́yìn kò fojú kan pẹpẹ láti Àjíǹde. Àwọn tó ń gbàlejò lẹ́nu ọ̀nà ni mo fi ṣe Laodíkíà: wọn kò gbóná, wọn kò tutù. Ẹgbẹ́ tèmi náà ńkọ́? Mo ní wọ́n máa ń pẹ́ díẹ̀.

N kò fi orúkọ mi sí i. Mo ń sọ fún ara mi pé iṣẹ́ Ọlọ́run ni, kí ni orúkọ tèmi fẹ́ ṣe níbẹ̀? Irọ́ ni. Ẹ̀rù ló ń bà mí. Mo lẹ̀ wọ́n mọ́ pátákó ìkéde kí àwọn tó ń gbálẹ̀ tó dé.

Háà, ọjọ́ Ìsinmi! Ńṣe ni àwọn èèyàn ń tira wọn níwájú pátákó bí ìgbà tí èsì ìdánwò bá jáde. Nígbà tí ìsìn bẹ̀rẹ̀, àwọn akọrin wọ aṣọ wọn, wọ́n wá jókòó sáàárín ìjọ, wọ́n káwọ́ gbera. Pásítọ̀ dárúkọ orin. Kẹ́kẹ́ pa. Bàbá Ìjọ, tó jẹ́ olórí àwọn àgbà, bá dá orin náà fúnra wọn. Òkè àjà ni wọ́n ti gbé e! Nígbà tí a fi dé ẹsẹ kejì, ó ku Bàbá nìkan lókè lọ́hùn-ún. Ẹ̀rín fẹ́ pa mí. Ìyàwó mi já mi léèékánná.

Ta ni wọ́n fura sí? Pásítọ̀ ni! Ṣebí òun ló wàásù rẹ̀? Ó búra lórí pẹpẹ pé òun kọ́. Bó ṣe ń búra ni wọn kò gbà á gbọ́. Ní ọjọ́ Ajé, Alfa tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéwú lójúlé kejì pè mí láti orí fẹ́ǹsì.

"Bàbá Dúpẹ́, wọ́n ní màláíkà lẹ ìwé mọ́ ṣọ́ọ̀ṣì yín! Wàláì, bó bá ń bọ̀ lọ́dọ̀ tiwa, ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́ kó má dárúkọ mi o!"

Mo rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kò pẹ́ lẹ́nu mi. Ní Ọjọ́rú, àwọn àgbà ìjọ pàdé, wọ́n pe èmi náà sí i, wọ́n ní àwọn yóò kọ̀wé sí oríléeṣẹ́ kí wọ́n wá kó Pásítọ̀ lọ kí oṣù tó parí. Ní Sátidé ni gbogbo wọn yóò fọwọ́ sí i. Bàbá Ìjọ wò yíká, ojú wọn bá dúró lórí mi.

"Ìnsìpẹ́kítọ̀, ìwọ lo mọ̀wé kọ jù nínú wa. Bá wa kọ ọ́. Jẹ́ kó mú o!"

Kí lẹ rò pé mo sọ? Mo ní, "Ẹ ṣeun, sà." Mo tún dúpẹ́!

Ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, mo jókòó ti taipuráítà. Àdírẹ́sì nìkan ni mo tíì tẹ̀ nígbà tí ìyàwó mi wọlé pẹ̀lú kábọ́ọ̀nù lọ́wọ́, bébà dúdú tí à ń fi sáàárín ìwé méjì kí a lè rí ẹ̀dà. Ó lọ sídìí fèrèsé, ó gbé e sókè kí ìmọ́lẹ̀ lè là á já, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọ̀rọ̀ gèlè sókè, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń kàwé fún ọmọ kíláàsì kejì.

"Bàbá Dúpẹ́, ṣé gèlè tèmi lẹ ń bá wí?"

Mo ní kì í ṣe tirẹ̀, ti ìyá tó máa ń jókòó níwájú rẹ̀ ni.

"Ẹ̀yin lẹ kọ ọ́ nìyẹn."

Kò pariwo. Ó mú Bíbélì, ó jókòó, ó ní kí n ka gbogbo iṣẹ́ méjèèje. Ó ní ṣé mo rí i? Olúwa kọ́kọ́ sọ ohun tó mọ̀ nípa wọn: làálàá wọn, sùúrù wọn, ohun tójú wọn ti rí. Ìbáwí wá tẹ̀ lé e. Ìjọ méjì tilẹ̀ wà níbẹ̀ tí kò bá wí rárá.

"Nínú méje tiyín, ẹgbẹ́ wo ni kò jẹ̀bi?"

Mo rò ó títí. Kò sí.

Ṣùgbọ́n èmi náà kàwé. Mo ní Laodíkíà ńkọ́? Olúwa kò yìn ín rárá! Mo rò pé mo ti mú un.

Ó ní, "Ẹnu ọ̀nà ẹ̀ ló lọ dúró sí, tó ń kan ilẹ̀kùn, tó fẹ́ bá a jẹun. Ilé ta lẹ̀yin ti lọ jẹun?"

Mo pa Bíbélì dé. Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀, ó bi mí bóyá nítorí taipuráítà mi ni ìyàwó Pásítọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ yóò ṣe di ẹrù rẹ̀ sínú lọ́rì. "Ẹ dìde, ẹ lọ kan ilẹ̀kùn."

Ní ìrọ̀lẹ́ Ẹtì, mo lọ sílé ọ̀gá akọrin, télọ̀ kan tó ń gbé nítòsí ọjà Ipata. Mo kan ilẹ̀kùn. "Ìnsìpẹ́kítọ̀! Ẹ bá mi lórí oúnjẹ!" Ó bu ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín síwájú mi. Mo ti àwo sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo jẹ́wọ́.

Ó ṣíwọ́ oúnjẹ. "Ẹ̀yin lẹ pa tẹnọ̀ mi?"

Ó wá sọ fún mi pé àwọn tó ń kọ tẹnọ̀ kò ju méjì lọ. Ìjọba gbé ọ̀kan lọ sí ìlú mìíràn, àìsàn àyà ń ṣe èkejì. Látìgbà náà, òun nìkan ló ń kọ ọ́, tó tún ń darí gbogbo wọn. N kò mọ̀. N kò bèèrè rí! Mo fẹ́ dìde, ó ní kí n padà jókòó.

"Ẹ jẹ mọ́ínmọ́ín yẹn tán. Gbogbo ẹ̀. Ìjìyà yín nìyẹn."

Ní Sátidé, Bàbá Ìjọ ní kí n ka lẹ́tà tí wọ́n rán mi. Ohun tí mo kà ni pé èmi ni mo kọ ìwé méjèèje, Pásítọ̀ kò mọ ohunkóhun nípa rẹ̀. Bàbá Ìjọ ṣí fìlà, wọ́n gbé e lé orúnkún.

"Èmi ni olè lè bọ́ fìlà lórí mi?"

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja, tèmi ti aṣọ gínì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀! Ìgbà tí mo gbójú sókè, èjìká Bàbá ń mì. Ẹ̀rín ni wọ́n ń rín! Wọ́n ní, "Àwa náà la ní kó mú!" Ọ̀rọ̀ oríléeṣẹ́ parí síbẹ̀. Pásítọ̀ kò lọ síbì kankan.

Ṣùgbọ́n Pásítọ̀ náà kò fi mí sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ní n óò kọ méje mìíràn, n óò sì lo ọ̀sẹ̀ kan pẹ̀lú ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan kí n tó kọ tiwọn. Ọ̀sẹ̀ méje! Mo gbálẹ̀. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, ẹsẹ̀ mi wú. Mo kọ tẹnọ̀, kí Ọlọ́run dárí jì mí. Mo sì rí i pé àwọn àgbà tó ń sùn nígbà ìwàásù ti jí láti ìdájí lọ gbàdúrà fún àwọn aláìsàn kí wọ́n tó wá sí ìsìn.

Ẹ̀kọ́ mi nìyí. Ẹni tó rán iṣẹ́ sí ìjọ méje yẹn ń rìn láàárín wọn kó tó sọ pé òun mọ iṣẹ́ wọn. Àwa Kristẹni òde òní, orí fóònù la ti ń bára wa wí. Gbogbo wa la mọ ẹni tó jẹ́ Laodíkíà. Ta ló mọ ilé rẹ̀?

Nígbà tí mo parí lẹ́tà tuntun náà, ìyàwó mi ka méjèèje, ó ní, "Tèmi ńkọ́?" Mo ní ó wà nínú ti ẹgbẹ́ obìnrin. Ó ṣe "hùn-ún." Mo ní ó dáa, n óò kọ ọ́. N kò kọ ọ́. Ẹni tí mo ń rí lójoojúmọ́, lẹ́tà kí ni?

Ó ti pé ọdún méjì báyìí tó ti sùn nínú Olúwa. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mo bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀. Ó ti di ojú ewé mẹ́ta. N kò tíì rí ìbáwí kankan fi sí i. Kì í ṣe pé kò ní àléébù o! Èmi ni n kò rántí ibi tí mo kó wọn sí mọ́.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ta lẹ ti bá wí rí láìmọ ohun tójú rẹ̀ ń rí? Ta ló wà nílé yín tí ẹ kò tíì kọ tirẹ̀? Ẹ kọ ọ́ lọ́sẹ̀ yìí, ẹ fi lé e lọ́wọ́, kí ẹ wá sọ fún wa níbí ohun tó ṣe nígbà tó kà á. Mo fẹ́ mọ̀. N kò mọ ohun tí tèmi ì bá ṣe. Bóyá ì bá rẹ́rìn-ín. Bóyá ì bá ní òun ti gbọ́, kí n lọ pọn omi wá.